Ohun tó yẹ àti ohun tó ṣeé ṣe: àlàyé lórí idealism àti pragmatism

Ọ̀rọ̀ méjì kan wà tí àwọn tó ń jíròrò ìṣèlú lórí rédíò ní Ìbàdàn máa ń lò lemọ́lemọ́, tí wọn kì í sì í sábà dúró ṣàlàyé wọn fún olùgbọ́: idealism àti pragmatism. Bí olóṣèlú kan bá kọ̀ láti bá ẹgbẹ́ mìíràn da ọwọ́ pọ̀, wọn a ní idealist ni, ìyẹn ni pé àlá ọ̀sán gangan ló ń lá. Bí òmíràn bá fi ẹgbẹ́ tó gbé e wọlé sílẹ̀ láàárọ̀, tó sì bá àwọn alátakò rẹ̀ jókòó ìpàdé ní ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ a ní pragmatist ni òun. Ẹni tó bá ń gbọ́ wọn lójoojúmọ́ a wá gbà pé òmùgọ̀ tó lọ́kàn rere ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ pè, àti pé orúkọ ẹ̀yẹ fún àgàbàgebè ni èkejì. Èrò méjèèjì kò tọ̀nà. Ohun tó tún burú jù wọ́n lọ ni ìgbàgbọ́ pé dandan ni kí ènìyàn yan ọ̀kan kí ó sì kọ èkejì sílẹ̀, nítorí ìgbàgbọ́ yìí ló ń jẹ́ kí àwọn olóòótọ́ ènìyàn sá fún iṣẹ́ ìlú, tí àwọn tí kò ní ìlànà kankan sì ń fi ọgbọ́n ayé bo ara wọn.

Ohun tó kọ́kọ́ da ọ̀rọ̀ náà rú ni pé ìlò méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní. Ìlò kan wà láàárín àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, òmíràn sì wà lẹ́nu gbogbo ènìyàn. Ìlò méjèèjì bá ara wọn tan, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹni tí kò bá sì yà wọ́n sọ́tọ̀ lè jiyàn láti àárọ̀ di alẹ́ láìmọ̀ pé ohun tí òun ń sọ kọ́ ni ẹnìkejì òun ń dáhùn. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ti àwọn onímọ̀, kí a tó wá sí ti ojú pópó.

Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ fìlọ́sọ́fì, idealism kì í ṣe ọ̀rọ̀ nípa ìwà rere tàbí nípa ìrètí. Ìdáhùn ni sí ìbéèrè kan tó jọ ti ọmọdé, tó sì le púpọ̀: kí ni ayé tí a ń rí yìí gan-an? Ẹ wo Gbọ̀ngàn Mápó lórí òkè rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣí ní 1929. Gbogbo ohun tí ẹnikẹ́ni mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju àwọn òpó tí ojú rí, òkúta tí ọwọ́ kàn, àti ìró ẹsẹ̀ tí etí gbọ́ nínú rẹ̀ lọ. Bí a bá wá yọ ohun tí ojú rí, ohun tí ọwọ́ kàn àti ohun tí etí gbọ́ kúrò, kí ló ṣẹ́ kù tí a lè pè ní Mápó? George Berkeley, bíṣọ́ọ̀bù ọmọ ilẹ̀ Ireland tí wọ́n bí ní 1685, dáhùn pé kò sí ohunkóhun tó kù. Lójú tirẹ̀, ohun tí a ń pè ní kí nǹkan wà ni pé kí ọkàn kan máa mọ̀ ọ́n. Bí gbogbo Ìbàdàn bá sì sùn lóru, tí ojú kankan kò sí lára Mápó, Ọlọ́run tí kì í sùn ló ń rí i. Immanuel Kant ti ilẹ̀ Jámánì kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé nǹkan wà lóòótọ́ lẹ́yìn ohun tí a ń rí, ṣùgbọ́n ó ní ọkàn wa ló ń to gbogbo ohun tí a rí sí àyè àti àkókò, àti pé kò sí ọ̀nà tí a fi lè mọ nǹkan kan láìgba inú ètò tí ọkàn wa ti ṣe fún un. Hegel, ọmọ Jámánì bíi tirẹ̀, tó kú ní 1831, ló wá sọ gbogbo ìtàn ayé di ìrìn Ẹ̀mí kan ṣoṣo tó ń mọ ara rẹ̀ sí i láti ìgbà dé ìgbà.

Plato ti ilẹ̀ Gíríìsì, tó gbé ayé ní nǹkan bí 2,400 ọdún sẹ́yìn, ti ṣáájú gbogbo wọn. Ó kọ́ni pé gbogbo ìdájọ́ tí a ń rí nílé ẹjọ́ ayé jẹ́ òjìji ìdájọ́ òdodo pípé kan tí ojú kò lè rí, tó jẹ́ pé òye nìkan ló lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Níbí yìí ni ìlò àwọn onímọ̀ àti ìlò ojú pópó ti fara kan ara wọn, nítorí pé ẹni tí àwọn ará ìlú ń pè ní idealist náà gbà pé òṣùwọ̀n kan wà tó ga ju ohun tó wà nílẹ̀ lọ, òṣùwọ̀n yẹn ló sì fi ń wọn ohun tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìfarakanra náà mọ níwọ̀n. Ènìyàn lè gbà pẹ̀lú Berkeley pé inú ọkàn ni gbogbo nǹkan wà, kí ó sì jẹ́ ahun tí kò ní ìrètí kankan fún ìlú rẹ̀. Ẹlòmíràn lè gbà pé òkúta ni òkúta, yálà ẹnì kan rí i tàbí kò rí i, kí ó sì fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jà fún àwọn mẹ̀kúnnù.

Pragmatism kéré ní ọjọ́ orí sí i gidigidi. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, láàárín àwọn ọ̀dọ́ ọ̀mọ̀wé kan tó ń ṣe ìpàdé ní ìlú Cambridge ní Massachusetts ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1870. Ogun abẹ́lé orílẹ̀-èdè wọn, tí wọ́n jà láti 1861 sí 1865, kò tíì kúrò lọ́kàn wọn. Ọ̀kan nínú wọn, Oliver Wendell Holmes, tó di adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lẹ́yìn náà, ti fara gbọgbẹ́ nígbà mẹ́ta lójú ogun náà. Ó dá mi lójú pé kò ṣeé ṣe láti lóye ẹ̀kọ́ wọn láìrántí èyí. Wọ́n ti rí ohun tí ìdánilójú tí kì í gba àtúnyẹ̀wò lè ṣe fún odidi orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ń wá ọ̀nà tí ènìyàn fi lè gba nǹkan gbọ́ tọkàntọkàn, síbẹ̀ kí ó ṣì lè yí ìgbàgbọ́ náà padà nígbà tí ayé bá já a nírọ́.

Charles Sanders Peirce ló kọ ìlànà náà sílẹ̀ ní 1878: bí o bá fẹ́ mọ ìtumọ̀ èrò kan, wádìí ohun tí yóò yàtọ̀ nínú ayé bí èrò náà bá jẹ́ òótọ́. Bí ẹnì kan ní Òkè Àdó bá sọ pé omi kànga ilé òun mọ́, Peirce yóò ní kí ó sọ ohun tí gbólóhùn yẹn ṣèlérí. Ó ṣèlérí pé bí a bá bu omi náà sínú ife, kò ní sí pàǹtírí nísàlẹ̀ rẹ̀. Pé bí a bá gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò, wọn kò ní bá kòkòrò àrùn nínú rẹ̀. Pé bí ọmọ kékeré bá mu ún, inú kò ní run ún. Bí onílé náà bá kọ gbogbo ìlérí wọ̀nyí, tó sì tún ń tẹnu mọ́ ọn pé omi òun mọ́, a jẹ́ pé kò sọ nǹkan kan.

William James ló gbé ẹ̀kọ́ náà jáde fún aráyé, nínú àsọyé kan ní California ní 1898 àti nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1907. Òun ló mú un kúrò lórí ìtumọ̀ lọ sórí òtítọ́, ó ní èrò tó jẹ́ òtítọ́ ni èyí tó gbè wá nígbà tí a bá gbé e lé ìdánwò ìgbésí ayé. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn alátakò rẹ̀, Bertrand Russell láàárín wọn, ní bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, irọ́ tó bá ti ṣe ènìyàn láǹfààní ti di òtítọ́ nìyẹn. James kò gbà pé ohun tí òun sọ nìyẹn, nítorí pé irọ́ tó gbe ènìyàn lónìí a máa já a kulẹ̀ lọ́la, ìdánwò tí òun sì ń sọ kì í ṣe ti ọjọ́ kan. Ṣùgbọ́n ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi wo pragmatism kò kúrò níbẹ̀ mọ́. Peirce pàápàá yọ ẹsẹ̀ kúrò lábẹ́ orúkọ náà ní 1905, ó sọ ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní pragmaticism, ó ní orúkọ yìí burẹ́wà débi pé kò sí ẹni tí yóò fẹ́ jí i gbé.

Àwọn tó bá rò pé ọ̀tá ni àwọn agbo méjì yìí láti ilẹ̀ wá, ẹnu yóò yà wọ́n bí wọ́n bá wo ìtàn wọn. Láti ìgbà èwe ni Peirce ti ń ka Kant. John Dewey, ẹni kẹta nínú àwọn àgbà pragmatism, tó kú ní 1952, ọmọ ẹ̀yìn Hegel ni ó kọ́kọ́ jẹ́, ó sì jẹ́wọ́ lọ́jọ́ ogbó rẹ̀ pé ipa tí Hegel ní lórí òun kò parẹ́. Ní yunifásítì Harvard, Josiah Royce tó jẹ́ àgbà nínú àwọn oní-idealism àti William James jọ ń kọ́ni. James ló ṣí ọ̀nà fún Royce débẹ̀ ní 1882, wọ́n jọ jiyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọn kò sì bá ara wọn ṣọ̀tá. Nígbà tó ṣe, Royce ń pe ẹ̀kọ́ tirẹ̀ ní irú pragmatism kan. Ohun tó pa wọ́n pọ̀ ni pé agbo méjèèjì kọ̀ láti gbà pé ọkàn ènìyàn kàn dà bíi dígí tó ń gba àwòrán ayé láìṣe nǹkan kan sí i. Àwọn méjèèjì gbà pé ọkàn ń ṣiṣẹ́, pé ó ń to nǹkan, pé ó ń yan nǹkan. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni pé àwọn oní-idealism gbà pé òtítọ́ ti pé síbì kan, àwa la ń rìn lọ bá a. Àwọn pragmatist ní òtítọ́ kò tíì parí, bí a ṣe ń dán èrò wò ni a ń rí i, kò sì sí èyí tí a rí tí kò lè padà wá gba àtúnṣe.

Dewey ló ṣe àfikún tó wúlò jù fún wa nínú ìlú. Ó ní àṣìṣe ńlá ni láti gbé ibi tí à ń lọ sí ọ̀tọ̀, kí a gbé ọ̀nà tí a ó gbà débẹ̀ sí ọ̀tọ̀, bí ẹni pé ọ̀kan jẹ́ ti ọ̀run tí èkejì sì jẹ́ ti ilẹ̀. Ibi tí à ń lọ ló ń jẹ́ kí a mọ irú ọ̀nà tí ó yẹ kí a là. Ọ̀nà tí a sì ti là ló ń jẹ́ kí a mọ̀ bóyá ibi tí a ní à ń lọ ni à ń lọ lóòótọ́. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń yí àwọn tó gbé e padà, nítorí náà ẹni tó bá fi ẹ̀tàn dé orí àléfà kí ó lè fi òtítọ́ ṣèjọba yóò ti di ẹlẹ́tàn kí ó tó débẹ̀.

Ó wá tó àkókò láti sọ̀kalẹ̀ sí ojú pópó. Nínú ìlò ojoojúmọ́, idealism ni kí ènìyàn di ohun tó yẹ mú, pragmatism sì ni kí ó wo ohun tó ṣeé ṣe pẹ̀lú owó, ènìyàn àti àkókò tó wà lọ́wọ́. Àwọn baba wa mọ ìhà méjèèjì. Wọ́n ní àbá ní í di òótọ́, ojo ni kì í jẹ́ á dá a. Wọ́n tún ní àbá ni ikán ń dá, ikán kò lè mu òkúta. Ẹni tó bá fi òwe kan ṣoṣo nínú méjèèjì gbé ayé rẹ̀ yóò ṣìnà.

Ẹ jẹ́ kí a mú ohun kan tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú yìí, kí ọ̀rọ̀ má bàa jẹ́ ti ẹnu lásán. Nígbà tí ẹgbẹ́ Action Group gba ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, tí Ìbàdàn jẹ́ olú ìlú rẹ̀, Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọmọ ni ó yẹ kí ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ní 1952, S. O. Awókọ̀yà tó jẹ́ mínísítà ètò ẹ̀kọ́ gbé àbá náà lọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ mọ ohun tí idealism jẹ́ nínú ìṣèlú, ohun tó jẹ́ rèé: àwọn ènìyàn tí kò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ tó, tí kò ní olùkọ́ tó, tí owó kòkó jẹ́ gbòógì ohun tí wọ́n gbójú lé, dìde, wọ́n ní ọmọ àgbẹ̀ àti ọmọ olówó ní ẹ̀tọ́ kan náà.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ wò. Wọn kò ṣí ilẹ̀kùn ní ọ̀la ọjọ́ tí wọ́n dá àbá náà. Wọ́n lo ọdún 1953 àti 1954 láti kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti láti fi kún iye ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ onípò kẹta. Ọdún mẹ́jọ ni ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń gbà tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé e sí mẹ́fà, nítorí pé bí wọ́n bá fi í sílẹ̀ ní mẹ́jọ, owó àti olùkọ́ kò ní kárí. Wọ́n ti ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ẹ̀kọ́ náà yóò jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ. Wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, wọn kò fi ọlọ́pàá mú òbí tí kò rán ọmọ rẹ̀ wá. Nítorí pé àwọn tó bá parí ọdún mẹ́fà tí kò ráyè sí girama yóò pọ̀, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ módà (secondary modern) ọlọ́dún mẹ́ta sílẹ̀, èyí tí òbí ń sanwó rẹ̀. Wọ́n sì gbé owó orí tuntun lé àwọn ènìyàn lórí láti fi ṣe é, inú àwọn ènìyàn kò sì dùn. Nínú ìdìbò sílé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, Action Group fìdí rẹmi lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alátakò wọn, NCNC, ní agbègbè tiwọn gan-an, owó orí yẹn sì wà lára ohun tó fà á. Ní Ìbàdàn níbí, Adégòkè Adélabú ti ẹgbẹ́ NCNC ló ni àwọn ènìyàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sì wà.

Síbẹ̀, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955, ètò náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní 1954 tó nǹkan bí 457,000. Ní 1955, wọ́n lé ní 811,000. Ní 1956, Action Group borí nínú ìdìbò agbègbè.

Ẹni tó bá ka ìtàn yìí pẹ̀lú ojú ẹni tó ń di ohun tó yẹ mú láìyẹsẹ̀ lè sọ pé wọ́n ti ta àbá náà: wọ́n gé ọdún méjì kúrò, wọ́n yọ dandan kúrò, wọ́n ń gba owó ní módà. Ẹni tó bá kà á pẹ̀lú ojú ẹni tó ń ṣírò ohun tó ṣeé ṣe nìkan lè sọ pé wèrè ni wọ́n, nítorí pé ìṣirò ìbò ti sọ fún wọn ní 1954 pé kí wọ́n jáwọ́. Mo gbà pé àwọn méjèèjì ṣi ọ̀rọ̀ náà lóye. Ohun tí wọ́n gé kúrò jẹ́ ohun tó lè kúrò kí ọmọ àgbẹ̀ sì ṣì wọ kíláàsì. Ohun tí wọn kò jẹ́ gé ni ọ̀fẹ́, nítorí pé bí ọ̀fẹ́ bá lọ, ọmọ àgbẹ̀ náà lọ nìyẹn. Ibẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà láàárín kí a dín nǹkan kù àti kí a pa á. Ìdáhùn sí ìbéèrè pé kí ni a lè gé kò sí nínú ìṣirò owó. Inú ohun tí a ń lépa ló wà. Fún ìdí èyí, ẹni tí kò ní ohun tó ń lépa kò lè jẹ́ pragmatist, bó ti wù kí ó ní ọgbọ́n tó, nítorí pé ọ̀rọ̀ pé nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ kò ní ìtumọ̀ títí a ó fi sọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ fún àti ẹni tó ń ṣe láǹfààní.

Agbègbè Ìlà Oòrùn gbìyànjú ohun kan náà ní 1957. Èrò wọn dára bíi tiwa, ṣùgbọ́n owó kò tó, ìmúrasílẹ̀ kò sì gùn. Ní 1958, wọ́n dá owó ilé ẹ̀kọ́ padà fún ọ̀pọ̀ kíláàsì, àwọn obìnrin sì tú síta láti fi ẹ̀hónú hàn. Àwọn obìnrin yẹn ló san gbèsè àbá tí ìjọba kò ṣírò tán.

Kò yẹ kí a tìtorí pé tiwa dúró kí a fi àbùkù rẹ̀ pamọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń kọ́ni ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ kò gba ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rárá. Nígbà tí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Bánjọ kalẹ̀ ní òpin 1960 láti yẹ ètò náà wò, àbọ̀ tí wọ́n jẹ́ ní 1961 ni pé òṣùwọ̀n ẹ̀kọ́ ti lọ sílẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ ọmọ ń já kúrò lójú ọ̀nà kí wọ́n tó dé kíláàsì kẹfà. Lójú tèmi, ìgbìmọ̀ yẹn ṣe pàtàkì bí ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ gan-an ti ṣe pàtàkì. Ìjọba tó dá ètò sílẹ̀ nítorí pé ó yẹ, tó sì rán ènìyàn lọ wádìí bóyá ohun tó yẹ náà ló ń ṣẹlẹ̀ nínú kíláàsì, ń ṣe ohun tí Peirce ní kí onílé Òkè Àdó ṣe nípa omi kànga rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Àgbẹ́kọ̀yà fi ìhà mìíràn hàn, nítorí pé níbẹ̀ àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n di ohun tó yẹ mú, kì í ṣe ìjọba. Ní 1968 sí 1969, àwọn àgbẹ̀ kòkó yí Ìbàdàn ká dìde nítorí owó orí, wọ́n ní àwọn kò ní san ju òkè mẹ́fà lọ, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè. Ẹ̀mí ṣòfò púpọ̀. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ lọ bá Tafá Adéoyè, aṣáájú wọn, sọ̀rọ̀ ní 1969, tí ìjà náà sì rọlẹ̀, £2 ni owó orí tí wọ́n fẹnu kò sí, tó jẹ́ òkè mẹ́jọ. Iye tí wọ́n ń pariwo kọ́ ni wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí iye yẹn dúró fún, pé kí owó orí má kọjá ohun tí oko lè gbé, kí àwọn agbowó orí sì yé fìyà jẹ wọ́n, ni wọ́n dúró lé lórí, ìyẹn ló sì mú wọn mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ìbọn sílẹ̀.

A kò gbọ́dọ̀ fi gbogbo èyí parí sí ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ńlá. Mo wà ní ìpàdé òbí àti olùkọ́ kan ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ìjọba ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí ìjì ti ká òrùlé yàrá méjì lọ. Àwọn òbí pín sí méjì. Bàbá kan tó jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì dìde, ó ní: “Alága, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ní ẹ̀kọ́ yìí. Bí a bá fi owó ara wa kan páànù lónìí, tó bá dọdún tó ń bọ̀, wọ́n á ní ká máa ra ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá ti gbé ẹrù ìjọba rù lẹ́ẹ̀kan, wọn kì í sọ ọ́ kalẹ̀ fún un mọ́.” Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní Gbági dá a lóhùn pé: “Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n òjò ò ní dúró de lẹ́tà. Abẹ́ igi máńgòrò làwọn ọmọ wa ti ń kàwé. Bójú ọjọ́ bá ti ṣú, wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ sílé.”

Gbogbo ènìyàn tó wà níbẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ aláìlóye. Bẹ́ẹ̀, bàbá náà ń ṣọ́ ìlànà kan tó ná àwọn tó ṣáájú wa lówó iyebíye, ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù asán, nítorí pé àwọn tó wà ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ rántí ₦3,000 tí akẹ́kọ̀ọ́ sẹ́kọ́ńdírì ti ìjọba ń san lọ́dún kí ìjọba tó dé ní 2019 tó fòpin sí i. Ìyá aláṣọ náà ń ṣọ́ ohun kan náà láti ìhà mìíràn: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ọmọ kò lè jókòó gbà nígbà òjò kì í ṣe ẹ̀kọ́. Ẹnì kan ń sọ pé kí ẹ̀tọ́ má ṣe kú, èkejì ń sọ pé kí ọmọ má ṣe pàdánù táàmù kan. Ọmọ kan náà ni wọ́n jọ ń sọ.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ohun tí wọ́n pinnu nìyí. Àwọn òbí tó bá lágbára yóò dáwó páànù àti pákó, àwọn káfíńtà tó wà láàárín wọn yóò kàn án láìgba owó iṣẹ́. Kò sí òbí tí wọn yóò bu iye kan lé lórí, wọn kò sì ní lé ọmọ kankan lọ sílé nítorí pé ìyá rẹ̀ kò rí nǹkan mú wá. Wọ́n yóò kọ lẹ́tà sí àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́, wọ́n yóò so rìsíìtì gbogbo ohun tí wọ́n rà mọ́ ọn, wọ́n yóò sì bèèrè fún yàrá tuntun, kì í ṣe owó páànù nìkan. Ààlà tí wọ́n fà, pé wọn kò ní lé ọmọ kankan, ni mo kà sí pàtàkì jù, nítorí pé láìsí i, ìgbésẹ̀ tó mọ́gbọ́n dání yẹn ì bá di owó ilé ẹ̀kọ́ ní orúkọ mìíràn kí ọdún tó yí po. Max Weber, onímọ̀ ọmọ Jámánì tó sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ olóṣèlú ní ìlú Munich ní 1919, sọ irú ọ̀rọ̀ yìí nígbà tó ní ẹni tó ń ṣírò àbájáde ìṣe rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àgbà gbọ́dọ̀ dé ibì kan tí yóò ti sọ pé òun kò lè kọjá ibẹ̀.

Bàbá tíṣà náà kò tíì gbà tán. Ó ní bí ìjọba kò bá fèsì ńkọ́? Ìbéèrè rẹ̀ tọ́, nítorí pé kò sí ẹni tó lè mọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kan páànù bóyá àtúnṣe fún ìgbà díẹ̀ ni, tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkọ̀sílẹ̀ tí yóò wà títí. Ohun tó bá tẹ̀ lé e ni yóò fi hàn. Nítorí náà ó ní òun yóò fọwọ́ sí i bí wọ́n bá lè kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ní ìbẹ̀rẹ̀ táàmù kẹta, gbogbo wọn yóò padà jókòó, wọn yóò ka èsì lẹ́tà náà sókè, bí kò bá sì sí èsì, àwọn fúnra wọn yóò kó ara wọn lọ sí Agodi, níbi tí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, lọ bèèrè rẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ìyá aláṣọ Gbági náà ló sì kọ́kọ́ ní òun yóò wà lára àwọn tí yóò lọ.